Iná Tí Kò Rẹrù

Fáànù hítà náà kì í yí. Kíkùn ló máa ń kùn. Bí mo bá tẹ súwíìṣì rẹ̀ lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ohùn kan á dún láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, hùùù, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ dìde lórí àga tí orúnkún kò gbà fún un. Ohùn náà kì í ròkè, kì í sì í kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, èmi àti ìyàwó mi ń ti òde ìkómọ bọ̀ ní Leeds níbi tí à ń gbé. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, òtútù mú, èémí àwa méjèèjì sì ti bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀kọ mímu kùn ún. Ọwọ́ kan ni mo fi di sítíárì mú, mo ń fi èkejì nu ojú gíláàsì. Ańkáṣífù mi ti rin gbingbin. Ni mo bá na ọwọ́ sí gèlè tó tú lé orí itan rẹ̀.

"Ẹ má dán an wò o," ó ní. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní: "Olówó orí mi, ṣé ọkọ̀ lẹ rà ni, àbí aláìsàn lẹ gbà tọ́jú?"

N kò dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọkọ̀ tí à ń wí yìí. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é ní Abingdon, lẹ́bàá Oxford. Ọdún 1975 ni ìyá mi bí mi n'Ìbàdàn. MGB GT ni, èyí tó ní òrùlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1965, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí MGB aláìlórùlé jáde. Kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ Abingdon pa ní 1980, wọ́n ti ṣe ju ìdajì mílíọ̀nù MGB lọ, nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá nìkan. Ẹni tó bá ti lè di sípáná mú lè ní in. Nítorí pé ó ti ju ogójì ọdún lọ, ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í fipá mú mi gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń gbé àwọn ọkọ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí lọ. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nílùú òyìnbó, ọkọ̀ nìkan ni mo rí tí wọ́n ń yọ̀ǹda nǹkan fún nítorí pé ó dàgbà.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀. Nínú àwọn MGB àkọ́kọ́, hítà kò bá ọkọ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí inú ọkọ̀ rẹ̀ móoru ní í fi owó kún owó. Ní Ẹ̀ńgílándì níbí o, níbi tí yìnyín ti ń bọ́!

Kí n tó wọ bàálù wá síbí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ hítà: òun ní í gba ẹ́ńjìnnì là. Bàbá mi ní Píjò 504 kan, tòkunbọ̀ láti Jámánì, tó máa ń gbóná bí oòrùn bá mú un nínú gó-síló. Bí abẹ́rẹ́ ìwọnná bá ti ń gòkè lọ́nà Dùgbẹ̀, bàbá mi á ní, "Ẹ yí gíláàsì sílẹ̀ o," á sì ṣí hítà débi tó lè ṣí dé. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn lórí, hítà lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi obìnrin á bú sẹ́kún. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé ràdíétọ̀ kékeré kejì ni hítà jẹ́: omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, fáànù á wá fẹ́ ooru ara omi náà wọnú ọkọ̀. Ooru tó bá ti dé orí ẹsẹ̀ wa ti kúrò lórí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. A óò délé bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo, ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní bàjẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òyìnbó tó tẹ hítà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, mo ti fẹ́ bi í bóyá omi ń jò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Fáànù hítà Píjò yẹn náà ló sọ mí di ọmọ iṣẹ́ ríwáyà. Ó kú nínú ọlidé gígùn ọdún 1989. Bàbá mi gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan ní Mọ́kọ́lá, ó sì rí i pé mo dúró ti ọkùnrin náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìbéèrè oúnjẹ. Ó bá ní kí n kúkú máa bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀, lábẹ́ igi ọdán kan, láàárín àwọn ìdì wáyà tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti kú, bátìrì tí kò ní ìdérí mọ́ àti àpótí pákó tí ọ̀gá mi ń jókòó lé.

Ọ̀gá mi kò ní ju irinṣẹ́ márùn-ún lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú àpótí, ọrùn rẹ̀ ló wà. Gílóòbù bíréèkì ni, ti wọ́ọ̀tì 21, tó jó wáyà méjì mọ́ nídìí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, tó wá fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ṣe ẹnu wáyà náà. Bó bá ti délé iṣẹ́ láàárọ̀ ló máa ń gbé e kọ́rùn bí oníṣègùn ti ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà. Èmi tí mo ti ka ìwé físíìsì níléèwé rò pé àìlajú ni. Lọ́jọ́ kan mo fìgboyà bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ ẹ̀ ṣe ra mítà?"

Ó ń bọ́ wáyà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò mí. "Mítà á sọ fún ẹ pé iná wà. Ta ló bi í? Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá iná náà lè ṣiṣẹ́."

Mo mi orí bí ọmọ tó gbọ́. Nínú mi, mo ní owó mítà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí ti Leeds yìí dé, mítà ni mo kọ́kọ́ sáré rà, èyí tó ń kọ nọ́ńbà sójú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Sátidé kan. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni pé àwọ̀ wáyà wọn ń sọ̀rọ̀. Búráùn ni iná tó ti bátìrì wá tààrà. Funfun ni èyí tó ti kọjá kọ́kọ́rọ́. Àwọ̀ ewé ni èyí tó kọjá kọ́kọ́rọ́ tó tún gba inú fíùsì. Bí aláwọ̀ ewé yìí bá wọnú súwíìṣì hítà, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ló ń ti ibẹ̀ jáde lọ sídìí fáànù. Dúdú ló ń gbé iná padà sí bọ́dì, tí àwọn ríwáyà ń pè ní áàtì. Ẹni tó bá mọ àwọ̀ márùn-ún yìí lè tọ ipa iná láti ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí bátìrì méjì ti fóltì mẹ́fà-mẹ́fà fara pamọ́ sí, títí dé iwájú. (Kí ẹni tí MGB tirẹ̀ bá jẹ́ ti ṣáájú ìparí 1967 ṣọ́ra o. Pọ́sítífù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì nínú àwọn yẹn. Ẹni tó bá fi ojú ti òde òní wò ó, ó máa jó nǹkan.)

Mo yọ ẹnu wáyà kúrò nídìí fáànù, mo ti mítà bọ̀ ọ́. 12.4. Iná pé. Mo wá yọ fáànù fúnra rẹ̀. Sùkúrù mẹ́ta ló dì í mú mọ́ iwájú àpótí hítà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sì lèèyàn ti ń tú u. Ìyàwó mi ò sí nílé, ni mo bá gbé e sórí tábìlì ìdáná, mo so ó mọ́ bátìrì kan. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó ṣe kẹ̀kẹ̀, ó wá yí. Mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo so wáyà, mo tẹ súwíìṣì. Hùùù.

Ẹlẹ́rìí méjì ló dúró níwájú mi. Wáyà ní òun ní iná, mítà sì jẹ́rìí sí i. Fáànù ní òun ò kú, ojú mi ló sì ṣe yí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ẹjọ́ ò sì já. Mo pe ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Ọkùnrin tó gbé fóònù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní fáànù ti kú, wọ́n á tú gbogbo àpótí hítà, wọ́n á tú ohun tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, £380 ni, kí n má sì retí rẹ̀ ṣáájú Kérésìmesì. Mo ní màá ronú sí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lórí itan.

Trafíkétọ̀ ló tú àṣírí. Mo dúró ní ìkòríta kan lálẹ́, mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, mo tẹ bíréèkì, mo sì ti gbàgbé súwíìṣì fáànù ní títàn. Dípò kí trafíkétọ̀ máa ṣe tá-tá-tá, ó ń ṣe táà… táà… bí aago tí wáìdìn rẹ̀ ń tán lọ. Mo pa fáànù. Ó yára díẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ó yára sí i. Mo tún tan fáànù, ó tún falẹ̀. Abẹ́ fíùsì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà: ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà, ẹnu ọ̀nà náà ti há, bí ọ̀kan bá sì ti fi èjìká wọlé, àwọn yòókù á dúró síta. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fun fèrè. Mo yà, mo páàkì, mo jókòó sínú òkùnkùn. Láti Mọ́kọ́lá ni ohùn ọ̀gá mi ti wá bá mi: Ta ló bi í?

Lọ́jọ́ kejì mo wá gílóòbù bíréèkì kan, mo jó wáyà méjì mọ́ ọn nídìí. Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tí mo ti ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, lẹ́ẹ̀dì gbígbóná sì kán sórí bàtà mi. Mo kọ́kọ́ fi í kan orí bátìrì: ó tàn yòò, ó funfun débi tí mo fi gbójú kúrò. Mo wá gbé e lọ sí ẹnu wáyà fáànù, ibi kan náà tí mítà ti ní iná pé. Ó tàn. Ṣùgbọ́n àtùpà elépo ni, pupa rúsúrúsú, mo lè wo inú rẹ̀ kí n sì ka irun tó ń jó nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo ti mítà bọ ibẹ̀: 12.4. Mo dá gílóòbù padà: àtùpà elépo.

Mítà ò parọ́. Ìdènà inú irú mítà bẹ́ẹ̀ tó óòmù mílíọ̀nù mẹ́wàá, nítorí náà iná tó ń gbà kọjá kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù ámpù lọ. Ó dà bíi kéèyàn fẹ́ mọ̀ bóyá afárá kan ṣì lágbára, kó wá rán èèrà kan kọjá lórí rẹ̀. Èèrà á dé òdìkejì láyọ̀, á ní afárá dáa. Gílóòbù ọ̀gá mi ń gba nǹkan bí ámpù kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin; màlúù nìyẹn. Bí wáyà bá ti dípẹtà, tí ẹnu rẹ̀ bá ti dọ̀tí, tó jẹ́ ojú kékeré kan ló kù tó fi kan èkejì, èèrà á kọjá níbẹ̀, màlúù á há. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń rò pé owó mítà ni kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá òun! Bó ti wù kí ọkùnrin náà lówó tó, mi ò rò pé ì bá rà á.

Síbẹ̀ mítà wúlò, bó bá jẹ́ pé ìbéèrè tó tọ́ lèèyàn bi í. Mo so fáànù padà, mo tan súwíìṣì kí iná lè wà lábẹ́ ẹrù, mo jẹ́ kó máa kùn. Mo wá fi ẹnu mítà kan sí wáyà tó wọ fíùsì, mo fi èkejì sí wáyà tó jáde nínú rẹ̀. Bí nǹkan bá dáa, kò yẹ kí mítà rí ohunkóhun láàárín àwọn méjèèjì, nítorí iná tó wọlé náà ló ń jáde. Ó rí 2.9. Mo ṣe bákan náà níbi súwíìṣì: 1.1. Mo wá wọ̀n láti wáyà dúdú ìdí fáànù dé ibi tí bátìrì ti so mọ́ bọ́dì: 3.2. Mo ro ó pọ̀ lẹ́yìn àpò ìwé kan. Fóltì 7.2 ló ń sọnù lójú ọ̀nà. Nínú 12.3 tí bátìrì ń gbé jáde bí fáànù ti ń kùn, 5.1 ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Mo wọn ojú fáànù gan-an. 5.1.

Ọmọ Jámánì kan, Gustav Kirchhoff, ló kọ òfin yìí sílẹ̀ ní 1845, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg: ohun tí bátìrì bá fi sílẹ̀ àti ohun tó bá ná lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo ti kọ́ ọ níléèwé, mo ti fi yege ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpò ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ọ̀nà ni, tó kúrò l'Ábújá ní odidi tó wá dé ìjọba ìbílẹ̀ ní ìdajì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti iná, èèyàn lè tọ́ka sí ọwọ́ ẹni tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, àwọn tó mú un ò sì lè gba lọ́yà.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé yẹn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí kò kan ọkọ̀ sì wá sí mi lọ́kàn.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi n'Ìbàdàn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ara le?" "Ara le koko, ọmọ mi. A dúpẹ́." "Ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹ àmàlà, mo yó kẹ́ri." Ohùn wọn máa ń já gaara. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbọ́ "ara le koko" yẹn, tí mo sì ń gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí mo délé ní Kérésìmesì ọdún kan, bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo bá ní pálọ̀ ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ooru ló pọ̀ lókè. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fẹ́ fi fọ́tò bàbá mi kan hàn mí, wọ́n ní kí n jókòó, àwọn ń bọ̀, òkè ló wà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n dúró. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí mi. Mo ń wo aṣọ wọn tó ń lọ sókè, tó ń lọ sódò, bí èémí ti ń gbé e.

"Mò ń ro ibi tí mo gbé e sí ni," ni wọ́n wí.

Ìyá mi ò purọ́ fún mi lórí fóònù. Lórí àga, ara wọn le. Ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹrù wo ló rù? 12.4 ni mo ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Leeds. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe gílóòbù yẹn, ọ̀nà tí mo ń gbà pè wọ́n ti yí. Bí a bá ti kí ara wa tán, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka orúkọ tó wà lára páálí oògùn yẹn." Orí tẹlifíṣọ̀n ni oògùn máa ń wà. Wọ́n á gbé fóònù dání, màá máa gbọ́ sílípáàsì wọn nílẹ̀, ṣà, ṣà, ṣà. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti àga dé ibẹ̀. Mo ń kà á. Mo ń fetí sí bí èémí wọn ti rí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kàwé fún mi. Wọn ò mọ̀, ojú sì ń tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ní í jáwọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fíùsì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀pá gíláàsì kékeré ni, irin wà lórí rẹ̀ níhà méjèèjì, ìwé péńpé kan sì wà nínú gíláàsì náà tí wọ́n kọ 35 sí. Wáyà inú rẹ̀ ò já. Ẹni tó bá wò ó lásán á ní kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ irin orí rẹ̀ ti ṣú, ètè bàbà méjì tó ń gé e mú sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí ògiri ẹ̀yìn balùwẹ̀. Kò sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àádọ́ta ọdún òjò ni. Mo yọ wáyà bátìrì kúrò, mo fi sáńpépà ha ètè náà títí ó fi pọ́n, mo rọra fún un kó lè gé fíùsì tuntun mú dáadáa. Nípa 35 yẹn: ámpù tí fíùsì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi máa jó ni wọ́n kọ sí i, ohun tó lè máa gbé kiri láìsinmi kò ju 17 lọ. Ẹni tó bá lọ ra fíùsì 35 ti ìgbàlódé, èyí tó lè gbé 35 látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ti fi ọkọ̀ rẹ̀ sínú ewu. Wáyà á ti jó kí fíùsì tó mọ̀.

Áàtì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bóòtù kan wà lára bọ́dì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí àwọn wáyà dúdú ti pàdé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó ti kun gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dà pupa, ọ̀dà tó dáa, tó ń dán. Ó kùn ún gba abẹ́ bóòtù. Bó ṣe dá wáyà padà, orí ọ̀dà ló dì í mọ́, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìyókù iná tó ń rí ọ̀nà lọ, ara eyín bóòtù ló ń gbà yọ́ lọ. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ilé pa mọ́ ògiri. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò, ìwọ̀n owó ẹyọ kan péré, títí irin fi yọ funfun. Ó dùn mí bí mo ti ń ha á, nítorí ọ̀dà náà rẹwà. Mo jó ẹnu wáyà tuntun mọ́ àwọn wáyà dúdú náà, mo dì wọ́n padà, mo fi gírísì bo gbogbo rẹ̀.

Súwíìṣì, mo kàn fọ́n oògùn ìfọwáyà sí i, mo tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nígbà ogójì. Fáànù, mo nu eruku kábọ̀n kúrò nínú rẹ̀, mo kán epo sí i níbi méjèèjì tí irin àárín rẹ̀ ti ń yí. Epo ibẹ̀ ti gbẹ kanrin. Ìdí nìyẹn tó fi lọ́ra lórí tábìlì, tí 5.1 ò sì fi lè gbé e dìde. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lábẹ́ ẹrù. Fíùsì, 0.1. Súwíìṣì, 0.3. Áàtì, 0.1. Fóltì 11.8 ló ń dé ọ̀dọ̀ fáànù.

Ọ̀nà mìíràn wà tó yá ju èyí lọ. Àwọn oníbàárà tó ń kánjú ní Mọ́kọ́lá máa ń ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì," ìyẹn ni pé kí wọ́n na wáyà kan láti orí bátìrì dé ìdí fáànù, kó máà sí fíùsì, kó máà sí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá mi máa ń ṣe é bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ jù, á sì gba owó rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ní tèmi, n ò ní í ṣe é. Wáyà tí kò ní fíùsì, bó bá ti ha ara irin títí rọ́bà rẹ̀ fi bó, iná ló kù, ọkọ̀ tó sì ti pé àádọ́ta ọdún kò ní ẹni tó máa ṣe òmíràn fún mi.

Ìyàwó mi ló tẹ súwíìṣì. Ó wọṣọ sọ́ọ̀ṣì, ó ti jókòó tán, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ohun tó gba gbogbo Sátidé mi. Fáànù náà hó. Ewé gbígbẹ, eruku àti aláǹtakùn kan tó ti kú tipẹ́ tú jáde láti abẹ́ gíláàsì, wọ́n bà lé orí gèlè funfun. Ó wo gèlè, ó wò mí, ó wo gíláàsì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ní kí n máa wakọ̀.

Àpapọ̀ owó tí mo ná lórí fíùsì, sáńpépà, ẹnu wáyà àti oògùn ìfọwáyà jẹ́ £14. Bí MGB tìrẹ náà bá ń kùn tí kò yí, má tíì ra fáànù, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ. Wá gílóòbù wọ́ọ̀tì 21 kan, kí o jó wáyà méjì mọ́ ọn nídìí, kí o kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ bóòtù áàtì.